Màsíkárà Tó Bá Ojú Oorun Mu

Òórùn ọ̀rá gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti kọjá Ṣàngó Toll Gate, tí o wá yà sí ọ̀nà táwọn iléeṣẹ́ tò sí, oríṣiríṣi òórùn ló ń pàdé èèyàn níbẹ̀: ti ọṣẹ, ti bisikíìtì, ti irin tí wọ́n ń yọ́. Tiwa ni ti ọ̀rá. Ó máa ń dùn díẹ̀ láàárọ̀, bí ìgbà tí ṣúgà bá jóná nínú páànù, ṣùgbọ́n tó bá fi máa dọ̀sán, á ti gun èèyàn lórí. Ó máa ń wọ híjáàbù mi débi pé mo lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣì máa rùn lára mi ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe káṣúà níbẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè gbà láàárọ̀ kí wọ́n sì lé e lọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì máa ń bí mi. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ti pẹ́.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n ìwọ náà ti ya á dànù láìmọye ìgbà. Wo ẹnu ìgò oògùn tí wọn ò tíì ṣí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó rọ̀gbà yí ọmọrí rẹ̀ ká, tí o ní láti ya kí o tó lè ṣí i, àwa la ń gé e. Bí òrùka ló máa ń jáde lára ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ lò ó á fi bọ ọrùn ìgò, á fẹ́ iná sí i díẹ̀, ọ̀rá á sún kì, á sì di mọ́ ọrùn ìgò pinpin. Òun lẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú. Ẹ̀rọ kẹrin ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà ti kán létí, ó wá ń fi àmì sílẹ̀ létí gbogbo ọ̀rá tó bá gé: ẹ̀já wẹ́wẹ́ mẹ́ta, bí eyín òòyà, ẹ̀kẹta kúrú ju méjì tó kù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún súpáfáísọ̀ wa. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Àwọn ọ̀rá tí kò bá dára, inú àpò kan lẹ́nu géètì là ń dà wọ́n sí, òṣìṣẹ́ tó bá sì fẹ́ lè bu nínú ẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn kan ń kó o fọ́mọ ṣeré. Àwọn kan ń fi í di ẹnu ìgò epo. Èmi, mo máa ń bu tèmi fún obìnrin àgbàlagbà kan tá a jọ ń gbé ọgbà kan náà ní Ọ̀tà. Ó ju ìyá mi lọ, gbogbo wa nínú ilé ló ń pè é ní Mọ́mì. Tábìlì kan ló ní ní Ṣàngó, ó ń ta àtíkè, ìkunètè àti òróró olóòórùn dídùn lórí ẹ̀. Ó ní ẹnu ìgò òróró lòun fi ń bò kó má baà máa jò. Bí mo bá ti kó o dé, á ki ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, á máa ṣàdúrà: “Ọmọ mi, ojú ẹ á ríre.” Mo máa ń ṣàmín tọkàntọkàn. Àdúrà yẹn, jọ̀ọ́, fi sọ́kàn ná.

Ó yá, ojú mi wàyí. Irun ìpéǹpéjú mi kì í ká sókè bíi tàwọn ẹlòmíì. Gbọnrangandan ló lọ, ó sì dorí kodò bíi koríko etí òrùlé. Bí mo bá ń wo ilẹ̀, tí o bá ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́, wàá búra pé mo ti dijú. Bàbá mi nirú ẹ̀, ìyá tó bí bàbá mi nirú ẹ̀. Nínú ẹbí wa, ojú oorun ni wọ́n ń pè é, ẹwà ni wọ́n sì kà á sí. Ìyá àgbà máa ń sọ pé obìnrin tó bá lójú oorun, ọkọ ẹ̀ ò ní lè bá a jà kọjá ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan lè wò ó kó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Iléeṣẹ́ ni mo ti mọ̀. Súpáfáísọ̀ wa, obìnrin tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn kí gbogbo ayé lè mọ ìgbà tó ń bọ̀, ó yọ sí mi lẹ́yìn lọ́jọ́ kan tí mò ń to ọ̀rá sínú páálí. Mo dorí kodò, mò ń kà. Ariwo ló kọ́kọ́ pa: “Ẹ wá wo káṣúà tó ń sùn lórí ìdúró bí ẹṣin!”

“Mi ò sùn, mà.”

“Ojú ẹ wá ń ṣe kí ni?”

Ṣé kí n sọ fún un pé bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn? Ó ní kí n lọ sinmi nílé fún ọjọ́ méjì. Àtọjọ́ yẹn, orúkọ mi pa rẹ́. Olójú-oorun, gbé páálí yẹn wá. Olójú-oorun, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ ẹ? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín ìyà lásán ni. Ìwọ náà mọ irú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ká ní wọn ò wá ẹni tó máa jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò. Ìjókòó ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìdúró. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á máa fi ojú wo ọ̀rá, á máa yọ èyí tí kò dára kúrò, tó bá sì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á fún un ní létà, á kúrò ní káṣúà, ẹnikẹ́ni ò tún ní lè ní kó lọ sinmi nílé. Ẹsẹ̀ mi ti ń wú nígbà yẹn. Tí mo bá délé, mi ò lè tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kírun Ìṣáì, orí àga ni mo ti ń kí i, bí arúgbó. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí aláàwẹ̀ ṣe ń fẹ́ omi. Ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀ ló máa yan ẹni náà lọ́jọ́ Túsìdé kan tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Súpáfáísọ̀ sì ti dúró láàárín gbogbo wa, ó ti sọ ọ́ sójú mi: “Mi ò lè fi ẹni tó ń sùn síbi tí wọ́n ti ń fojú ṣiṣẹ́.”

Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹta, òun àti èmi jọ máa ń jẹun pọ̀, òun ló sọ fún mi pé, “Màsíkárà lo nílò, jàre. Kó gbé ìpéǹpéjú ẹ sókè, kójú ẹ là, kí obìnrin yìí lè rí i pé o wà láyé.” Èmi tí mi ò fi nǹkan kan sójú rí ju tìróò ọjọ́ Iléyá lọ! Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa tiẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, tìróò náà ti tó. Mo fẹ́ràn tìróò, kò séwu. Ṣùgbọ́n etí ojú ni tìróò ń kùn dúdú, kò lè gbé irun tó ti dorí kodò dìde. Bí mo ṣe bọ́ sọ́nà Ṣàngó nìyẹn, tí mò ń wá màsíkárà kiri.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sanra bí èyí tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ. Ó lẹ irun mi pọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó sì wúwo, kàkà kó gbé e sókè, ńṣe ló tún ń fà á sílẹ̀ sí i. Mo ní kò burú, mo kùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ kẹrin gbóná, mò ń làágùn. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí gbogbo ẹ̀ fi ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Súpáfáísọ̀ dúró wò mí títí, ó wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ta ló kú?” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan dá ẹ̀rọ ẹ̀ dúró.

Mo padà lọ sí Ṣàngó, mo ní èyí tí kò ní ṣàn ni mo fẹ́. Wọ́n fún mi lèyí tómi ò lè ràn. Ká sòótọ́, kò ṣàn. Ooru dé, ó dúró. Òógùn dé, ó dúró. Ó wá kan Àìlà, mo lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìn iléeṣẹ́, mo bomi bọ́jú, omi ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Mo fi ọwọ́ ra á, kò lọ. Àlùwàlá tí omi ò kan ara, àlùwàlá wo nìyẹn? Mo fi ọṣẹ ra á, mo fi básílíìnì ra á, ojú mi ń ta mí, ìrun ń kọjá lọ, àwọn tá a jọ wá kírun ti ṣe sàlámà tán. Nígbà tó fi máa kúrò, irun ìpéǹpéjú márùn-ún ni mo bá lórí táwẹ̀lì. Ta ni wọ́n ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí fún gan-an? Ó dájú pé ẹni tó ṣe é ò ronú kan obìnrin tó ń dúró ti ẹ̀rọ gbígbóná láti àárọ̀, tó tún gbọ́dọ̀ fi omi bọ́jú kó tó dojú kọ Ẹlẹ́dàá ẹ̀.

Ohun tó sì máa ń pa mí lẹ́kún jù, gbogbo àwọn tó tà á fún mi, ọ̀kan náà lọ̀rọ̀ wọn. Bí mo bá ti dá a padà, wọn ò ní yẹ màsíkárà wò. Ojú mi ni wọ́n máa wò. “Ìpéǹpéjú yín ló burú, àǹtí. Ẹ jẹ́ ká kúkú lẹ àtọwọ́dá.” Ẹ gbọ́ o! Ọjà tiwọn ò ṣiṣẹ́, ojú tèmi ló jẹ̀bi. Bí bàtà ò bá wọ èèyàn lẹ́sẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gé?

Sátidé tó ṣáájú Túsìdé yẹn, mo kó ọ̀rá dé bí mo ṣe máa ń ṣe. Mọ́mì rí i pé ojú mi fà ro, ó béèrè, mo sì tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún un, láti orí ẹṣin tó ń sùn títí dórí ewé kókò. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí ibi ìmọ́lẹ̀, ó sì wò ó dáadáa. Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí torí òótọ́ ni: nínú gbogbo àwọn tó ti ta nǹkan fún mi, òun nìkan ló fara balẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Irun ẹ ò burú. Títọ́ ló tọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ ẹ́, bí òòyà, kó má sì wúwo. Irú kan wà tí òógùn kì í ràn, ṣùgbọ́n tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti kàn án, á ṣí kúrò wẹ́rẹ́.” Ó wọlé, ó mú ọ̀kan jáde. “Tuntun nìyí. Wo ẹnu ẹ̀, wọn ò ṣí i.” Òótọ́ ni, ọ̀rá wà lẹ́nu ẹ̀, ó fún pinpin, mo sì sanwó ẹ̀.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo jókòó sétí fèrèsé pẹ̀lú díńgí, mo ya ọ̀rá náà, mo jù ú sórí fèrèsé, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn gbé irun ojú ọ̀tún mi nìkan sókè díẹ̀díẹ̀, láti fi dán an wò, bí Mọ́mì ṣe kọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi, ó dìde! Irun tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ó dìde dúró, ojú mi sì là kedere bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìròyìn ayọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo bomi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i nígbà Àìlà, ó sì ṣí kúrò lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo ti ń rí ara mi lórí àga ìdí tábìlì àyẹ̀wò.

Kó tó di Àlàásárì, ojú ọ̀tún ti ń yún mi. Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, ó ti dì pa, ó wú bí àkàrà, ipin ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Àwọn aládùúgbò rí mi, wọ́n ní Àpólò ni, wọ́n ń kó ọmọ wọn sá. Mo gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kì í ṣe Àpólò, kí ni mo fi sójú? Mo yọ màsíkárà náà nínú báàgì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn ẹ̀, ó sì yí ojú kúrò. “Èyí ti bàjẹ́ tipẹ́. Kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ lò ó.” Mo ní rárá, èmi fúnra mi ni mo ya ọ̀rá ẹnu ẹ̀ lánàá. Ó wò mí, ó mi orí. “Kó o tún lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú yìí lè fọ́.” Ó fún mi lóògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó ní kí n dúpẹ́ pé ẹyọ kan péré ni mo kùn.

Mo délé, mo wá ọ̀rá náà lórí fèrèsé. Mo mú un súnmọ́ ojú òsì tó kù fún mi, mò ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀já wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà létí ẹ̀, bí eyín òòyà. Ẹ̀kẹta kúrú ju méjì tó kù lọ. Ẹ̀rọ kẹrin. Ọwọ́ ara mi ló gbé e jáde nínú iléeṣẹ́, ọwọ́ ara mi ló sì kó o lé Mọ́mì lọ́wọ́.

Mo kọjá sí ojúlé Mọ́mì. Wọ́n ti kọ́ mi nílé, mi ò lè dúró gbagidi síwájú ẹni tó ju ìyá mi lọ, torí náà orúnkún mi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ti dókè àjà. “Mọ́mì, ẹ káàsán, mà. Ẹ wo ohun tí ẹ tà fún mi.”

“Yéè! Ìpéǹpéjú ẹ ló burú, ọmọ mi. Mo ti fura tẹ́lẹ̀.”

“Lọ́jọ́ Sátidé ẹ ní kò burú!” Mo na ọ̀rá náà sí i. “Èyí ńkọ́? Lọ́dọ̀ ta ni ẹ ti rí i?”

Ó wo ọ̀rá, ó wò mí. Kò sẹ́, ìyẹn gan-an ló dá kún ìbínú mi. Ó ní, “Ìwọ náà lo ń kó o wá. Kí lo rò pé mo ń fi gbogbo ẹ̀ ṣe? Ìgò òróró mélòó ni mo ní?” Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti rí inú yàrá. Bàsíà omi gbígbóná wà nílẹ̀, màsíkárà bí ogún dúró nínú ẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìkòkò. Ọwọ́ àwọn tó ń kun ìyàwó lójú ló ti ń ra àwọn tí wọ́n ti lò gbẹ. Á fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, á kán òróró sí i, á fi ọ̀rá mi bọ̀ ọ́ lọ́rùn, á ra á lórí iná àbẹ́là. Òun ló di tuntun.

“Mo máa ń fi ọtí nu ẹnu ẹ̀ o,” ó ní, bí ẹni tí mo ti rẹ́ jẹ. “Àwọn ẹlòmíì kì í tiẹ̀ nù ún.”

“Ojú mélòó lẹ ti fọ́, Mọ́mì?”

“Ẹnikẹ́ni ò padà wá bá mi jà.”

“Ẹni tójú ẹ̀ ti dì, báwo ló ṣe fẹ́ rí ọ̀nà Ṣàngó padà?”

Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀ wá rọlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gún mi ju ojú tó ń ro mí lọ. “Tó o bá lọ sọ̀rọ̀ yìí níta, ta ni wọ́n máa bi pé ó kó ọ̀rá wá? Dá ara ẹ lóhùn.” Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti rò pé Mọ́mì ni kòkòrò, mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ń gbé e rìn láti Ṣàngó dé Ọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, tí mo tún ń ṣàmín.

Torí náà nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Túsìdé, ohun tí mo pinnu ni pé mi ò ní sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí n sòótọ́ fún ẹ. Mo fi màsíkárà àti ọ̀rá náà sínú báàgì torí mi ò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ nílé kí wọ́n pòórá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ni mo ń fẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan ẹni tí wọ́n máa yàn ná. Àwa mẹ́fà la tò síwájú ọ̀gá àgbà. Ó dé iwájú mi, ó dúró, ó ń wo ojú mi tó dì. Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé. Súpáfáísọ̀ ti gbà á lẹ́nu mi: “Ẹ kọjá èyí, sà. Nígbà tójú ẹ̀ méjèèjì wà, ó ń sùn, áḿbọ̀sìbọ́sí ìgbà tó wá ku ẹyọ kan.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀rọ kẹta náà rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo ìpinnu mi ṣe jóná nìyẹn. Mo tú báàgì, mo kó àwọn nǹkan náà lé orí tábìlì. Mo ní, “Sà, ọ̀rá tó wà lẹ́nu nǹkan tó ba ojú mi jẹ́ rèé. Ẹ̀rọ kẹrin níbí ló gé e. Èmi ni mo gbé e jáde nínú àpò ẹnu géètì, mo fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, mi ò mọ ohun tó ń fi í ṣe. Ẹ lè lé mi. Ṣùgbọ́n mi ò sùn rí lẹ́nu iṣẹ́ yín.”

Ọ̀gá àgbà mú un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè bí mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kẹrin ni. Mo ní kó wo etí ẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó gbé e fún súpáfáísọ̀. Obìnrin náà la ojú ẹ̀ méjèèjì rekete, ó ní, “Ọ̀rá lásán ni, sà. Irọ́ ló ń pa.” Ọ̀gá àgbà wá ní kí wọ́n lọ mú ọ̀rá márùn-ún márùn-ún wá láti ara ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n pò wọ́n pọ̀. Wọ́n dà wọ́n síwájú mi. Mo dorí kodò, ìpéǹpéjú mi bolẹ̀ bó ṣe máa ń bolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

“Ó tún ti sùn,” súpáfáísọ̀ ní.

“Jẹ́ kó sùn,” ni ọ̀gá àgbà wí.

Ojú kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é. Mo yọ márùn-ún sápá kan, mo ní, “Ti ẹ̀rọ kẹrin nìwọ̀nyí.” Ó fi èékánná kan etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wé èyí tí mo mú wá láti ilé, ó sì mí kanlẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọn ò fi tíì pààrọ̀ ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà. Súpáfáísọ̀ ń wo kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà mọ́.

Má rò pé wọ́n gbé mi gẹṣin. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n ní kí n lọ lò nílé, nítorí ọ̀rá tí mo fi tọrẹ. Wọ́n gbé àpò ẹnu géètì kúrò, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bínú sí mi gidi, ọmọ ẹ̀rọ kẹta ò bá mi jẹun fún oṣù kan, ó ní mo ti fi ọ̀rọ̀ ojú mi gba nǹkan lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí mo padà dé, súpáfáísọ̀ fi àgbọ̀n júwe tábìlì àyẹ̀wò fún mi, ó ní, “Jókòó síbẹ̀.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbọ́ “má bínú” lẹ́nu ẹ̀ títí tó fi kúrò ní iléeṣẹ́ náà. Mo retí ẹ̀ o. Mo ṣì ń retí ẹ̀. Mọ́mì ní tiẹ̀ da gbogbo ohun tó wà nínú bàsíà sí kòtò lójú mi, ó sì kó tábìlì ẹ̀ kúrò ní Ṣàngó. Bóyá ó tún tẹ́ ẹ síbòmíì, mi ò mọ̀. A ṣì ń kíra wa láàárọ̀, mo ṣì ń kúnlẹ̀. Ó ń ṣàdúrà fún ọ̀nà mi, fún ọkọ mi, fún ọmọ mi. Kò tún fẹnu kan ojú.

Ní tèmi, nǹkan méjì ló kù sí mi lára. Àkọ́kọ́, ọ̀rá kankan tí mo bá yọ kúrò lórí tábìlì yẹn, mi ò kàn dà á nù. Sáàsì wà lápá ọ̀tún mi, mo máa ń gé e sí méjì kí n tó jù ú sílẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun máa ń béèrè ìdí ẹ̀, wọ́n ní mò ń fàkókò ṣòfò. Mo mọ ojú tí mò ń gbà là. Mo sì mọ àwọn tí mi ò gbà là, àwọn obìnrin tó ra tiwọn ní Ṣàngó lórí ìgbàgbọ́ pé ọ̀rá tí èmi gé kì í purọ́. Èyí ló máa ń bí mi nínú jù lọ, torí pé mi ò mọ ẹnì kan nínú wọn tí mo lè bẹ̀.

Ìkejì, mo rí màsíkárà náà rà. Irú tí Mọ́mì júwe gan-an ni, kò purọ́ nípa ìyẹn: búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òòyà, kì í ṣàn nínú ooru, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń ṣí i kúrò fún àlùwàlá. Ọjọ́ tó bá wù mí ni mò ń kùn ún, mi ò kùn ún lọ síbi iṣẹ́ rí. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, tèmi tán, mo lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀tà. Mo gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, mo dorí kodò lé e, mò ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mò ń wo etí ọ̀rá ẹnu ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà dúró títí, ó wá tẹ tábìlì ko-ko-ko.

“Àǹtí, ṣé oorun ń kùn yín ni?”

Mi ò gbójú sókè. Mo ní, “Dúró ná, ọmọ mi. Mi ò tíì sùn dé ìdí ẹ̀.”